Mi Ò Ní Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Mi

Merthyr, ilẹ̀ Wales
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí Màámi, mo kí ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìwé yìí bá dé. Òtútù ibí ṣì ń mú, ṣùgbọ́n ara mi le. Iṣẹ́ mi ní láàbù ilé ìwòsàn ń lọ dáadáa.

Ẹ ní kí n má pè yín mọ́ lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, torí lórí fóònù, bí ẹ bá sọ ọ̀kan, èmi á sọ méjì. Ẹ ní tí mo bá ní àwíjàre, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ìsmáílà ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀ ní Festac. Ó dáa. Mo ti kọ ọ́. Àwíjàre kọ́ o. Mò ń sọ fún yín ni.

Èmi ni mo wà nínú fídíò tí Ìsmáílà fi hàn yín. Ọmọ́ṣaléwá tí a jọ ń gbé ló yà á. Orí òkè gíga ni a ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn wá sílẹ̀. Ojú ọ̀nà kún fún gbòǹgbò igi àti òkúta, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ máa fò ni kó tó balẹ̀. Ẹ ní ẹni tí orí ẹ̀ pé kì í ṣe é. Orí mi pé. Ẹ ní mo wọ ṣòkòtò. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ ṣòkòtò. Mo tún wọ híjáàbù sábẹ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo de orúnkún, mo de ìgbọ̀nwọ́. Nínú gbogbo ọmọbìnrin tí ẹ mọ̀, ta ló tún bo ara ẹ̀ tó báyẹn?

Nígbà tí a wà ní kékeré, Yaqub ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ̀kẹ́, ó ń gùn ún yípo ẹ̀sítéètì wa. Èmi náà béèrè, ẹ ní kí n lọ ran Màámi lọ́wọ́. Mo ti ran Màámi lọ́wọ́ tán. Mo ti kàwé tán. Kẹ̀kẹ́ ló kù.

Eré ìje kan máa wáyé níbí lóṣù Kẹfà, mo sì ti forúkọ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ sínú èyí tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá, ó sì ti gbó. Tí mo bá fò tí mo balẹ̀, á wọlé pátápátá, á dún gbàà, bí ìgbà tí ọkọ̀ já sí kòtò. Tí mo bá sì ti gùn ún wá sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, á gbóná, atẹ́gùn á máa jò. Mo fẹ́ ra òmíràn. Oríṣi méjì ló wà. Alátẹ́gùn fúyẹ́, èèyàn sì lè fi páǹpù sọ ọ́ di líle tàbí rírọ̀ bó bá ṣe wù ú. Onísípíríǹgì wúwo, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀ lé ilẹ̀ dáadáa, kì í sì í yíwà padà tó bá gbóná. Mi ò tíì mọ èyí tí màá mú.

Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín o. Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ni.

Ọmọ yín,
Raodah


Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Èkó
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2025

Raodah,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ìwọ náà gbé. Mo rí ìwé rẹ. Nínú ṣọ́ọ̀bù ní Alákijà ni mo ti kà á, mo sì kà á sínú, torí ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ Yaqub tí o sọ, o gbàgbé ìyókù. O gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, o kó sínú gọ́tà iwájú ilé wa. Ta ló gbé ọ jáde? Èmi ni. Aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ lọ kírun Jímọ̀ ni mo wọ̀ tí mo fi gbé ọ. Ìdí tí mo fi ní kí o lọ bá ìyá rẹ nìyẹn. Má lọ máa sọ kiri pé torí o jẹ́ obìnrin ni.

Mi ò rán ọ lọ sí òkè òkun kí o lọ máa já bọ́ láti orí òkè. Mo ní kí o kàwé, o kà á, mo dúpẹ́. Mo ní kí o ṣiṣẹ́, ò ń ṣe é. Ó tó bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé ìdílé Alhaji Abdulmumin ní Raji Rasaki Estate ń retí rẹ. Ìwọ àti Níyìọlá ọmọ wọn ti jọ sọ̀rọ̀, o ní kò burú. A ti fi ìpàdé àwọn ẹbí méjèèjì sí ọjọ́ kejì Iléyá. Wàá wá sílé. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n, mi ò fọwọ́ sí i o, ọmọ ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì ò ní jókòó lórí atẹ́gùn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni mo ti ń ta ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ọkọ̀. Mo mọ ìwà atẹ́gùn, ọjọ́ tó bá wù ú ló máa jáde. Sípíríǹgì ni kí o mú. Kí o sì mú èyí tó nípọn jù, tó le jù, nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá kó síwájú rẹ. Kò sí oníbàárà mi kan tó ra èyí tó le tó padà wá bá mi jà. Àwọn tó ra èyí tó rọ̀ ló ń padà wá.

Má rò pé mo ti gbà. Mo ní kí o ta kẹ̀kẹ́ yẹn. Àmọ́ kí o tó tà á, má jókòó lórí atẹ́gùn.

Bàbá rẹ,
Bádrù


Merthyr
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ wa. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ ìwé yìí. Kí ẹ tó pariwo, kò kán. Ọrùn-ọwọ́ òsì mi ló rọ́, wọ́n ti fi báńdéèjì dì í.

Mo gbọ́ tiyín, mo ra onísípíríǹgì. Mo tún gbọ́ tiyín, mo mú èyí tó le jù. Obìnrin tó tà á fún mi bi mí pé, "Báwo lo ṣe wúwo tó?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Eléyìí ti le jù fún ẹ." Mo ní, "Bàbá mi ń ta ṣọ́ọ̀kì." Ó bá mi dì í.

Bàbá mi, ó le jù fún mi. Mo jókòó lé e, kò mira. Gbòǹgbò igi kékeré tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ gbà mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á ta sókè tó bá kàn án. Táyà ẹ̀yìn ò fara mọ́ ilẹ̀ rárá, tí mo bá sì fẹ́ yà, á yọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní bóyá torí ó jẹ́ tuntun ni. Lọ́jọ́ kejì, mo fò níbì kan tí mo ti máa ń fò tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe balẹ̀, ìjókòó gbá mi nídìí bí ẹṣin tó bínú, mo gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá. Ọmọ́ṣaléwá ní òun rò pé mo ti kú. Mo dìde, inú ń bí mi. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ni mò ń bínú sí.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ń tà ń lọ sí. Ó máa gbé sìmẹ́ǹtì, ó máa gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó máa gbé èrò lé e. Èmi nìkan ni mo wà lórí tèmi. Ẹ ò béèrè bí mo ṣe wúwo tó. Ẹ kàn pàṣẹ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Níyìọlá. Mo ní kò burú lóòótọ́. "Kò burú" ò túmọ̀ sí "mo gbà". Mo lè sọ pé ọbẹ̀ kan ò burú kí n má jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì Iléyá yẹn gan-an ni eré ìje mi. Mi ò ní lè wá.

Raodah


Amúwo-Ọ̀dọ̀fin
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Raodah,

Torí ọwọ́ rẹ tó rọ́ ni mo ṣe kí ọ, kì í ṣe torí ẹnu rẹ. Pẹ̀lẹ́. Máa fi róòbù pa á.

Ó wá di pé ọmọ mi ń kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀kì. Èmi tí àwọn èèyàn ń ti Sẹ̀mẹ̀ wá ra sípíríǹgì lọ́wọ́ mi! Bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Bóyá wọ́n dì í sódì. Sípíríǹgì ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, òkè tí o gùn ló ṣe ọ́. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ṣì wà láyé. Gbogbo Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ló tẹ́jú pẹrẹsẹ, mi ò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan já bọ́ láti orí ẹ̀.

Ìkìlọ̀ ni ọwọ́ tó rọ́ yẹn. Ta kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo ti fún Alhaji Abdulmumin lọ́rọ̀ mi. Tí o kò bá ní wá ní Iléyá, má kọ̀wé sí mi mọ́.

Bàbá rẹ,
Bádrù

Àjọkẹ́ mi, èmi Rùkáyátù ìyá rẹ ni mò ń kọ eléyìí sí ìsàlẹ̀. Bàbá rẹ ti lọ kírun Àsárì, ó fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. Má ka gbogbo ohun tó wí yẹn sí. Àná ló tún ní kí Ìsmáílà fi fídíò yẹn han òun, ó ní òun fẹ́ mọ bí o ṣe di kẹ̀kẹ́ mú. Ṣùgbọ́n ẹnu tìrẹ náà ti mú jù. Bàbá rẹ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ. Ṣé ò ń jẹun? Ta ló ń bá ọ fọ aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ kan?


Amúwo-Ọ̀dọ̀fin
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Raodah,

Mo ní kí o má kọ̀wé tí o kò bá ní wá. Mi ò ní kí o má kọ̀wé rárá.

Alhaji Abdulmumin yà ní ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè ọjọ́ tí o máa dé. Mo ní o ṣì ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Má sọ mí di òpùrọ́ lójú ẹni tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà.

Ṣé ọwọ́ yẹn ti san?

Bádrù


Amúwo-Ọ̀dọ̀fin
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Àjọkẹ́,

Bàbá rẹ ò mọ̀ pé mo kọ èyí. Tí Ìsmáílà bá ti wọlé, á wo ọwọ́ ẹ̀ bóyá ó mú ìwé dání. Tí kò bá mú nǹkan kan, á ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, pé ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o gbọ́ràn. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, bàbá rẹ ní rárá, pé ìyàwó òun ò ní máa gbé ẹrù kiri. Mo gbé e. Owó ẹ̀ wà nínú ilé tí à ń gbé yìí, ó sì mọ̀. Torí náà ta ni mo jẹ́ tí màá ní kí o máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sá? Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi ń bá a jà, inú ilé ni mo wà, mò ń bá a jà lójú ẹ̀. Ìwọ dákẹ́. Tí o bá fẹ́ jà, bá a jà. Má sá pamọ́. Mi ò sùn dáadáa mọ́.

Ìyá rẹ,
Rùkáyátù


Merthyr
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi, Màámi,

Ẹ kú Iléyá. Mo wà láyé, ọwọ́ mi ti san, mi ò sì ta kẹ̀kẹ́. Màámi, ẹ foríjì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà. Bàbá mi, ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí n má kọ̀wé, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màámi dùn mí, torí náà mo ti padà wá jà lójú yín.

Mo dá sípíríǹgì líle yẹn padà, mo gba èyí tó bá ìwúwo mi mu. Obìnrin tó tà á ní kí n wọ gbogbo ohun tí mo máa wọ̀ gun òkè, kí n jókòó, kí òun wo bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa wọlẹ̀ tó. Ó yẹ kó wọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí èèyàn bá jókòó lé e, bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ibi tó lè rìn dé, kí táyà lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀ tó bá dé kòtò. Ti tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlẹ̀ rárá.

Mo rò pé ó ti parí. Kò parí. Ó dín kù, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ṣì ń ta mí. Ọmọ́ṣaléwá ní, "Raodah, fi sílẹ̀. Bóyá bàbá ẹ ló ṣépè fún un." Mo ní, "Bàbá mi ò lè ṣépè fún ṣọ́ọ̀kì, òun ló ń jẹ." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dé inú mi. Eré ìje ti ń sún mọ́lé, ẹ̀rù kẹ̀kẹ́ ara mi sì ń bà mí.

Mo jókòó tì í, mo wá rántí. Ohun roboto pupa kan wà nídìí ṣọ́ọ̀kì yẹn tí wọ́n ń yí. Òun ló ń pinnu bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa yára padà sókè lẹ́yìn tó bá ti wọlẹ̀. Nígbà tí mo wà lórí sípíríǹgì líle, mo ti yí i sílẹ̀ tán, mo rò pé á jẹ́ kó rọ̀. Mi ò dá a padà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di ẹṣin tó ń tapá, ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe tiyín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà díẹ̀díẹ̀, mo ń gùn ún wá sílẹ̀, mo tún ń yí i. Nígbà kan mo yí i jù. Ó wá lọ́ra, tó bá wọlẹ̀ ní òkúta kan, kò tíì padà sókè kí òkúta mìíràn tó dé, á kàn máa rì lọ ni. Mo dá a padà díẹ̀. Ó dúró.

Ó tún ku ariwo kan, kó kó kó, tí mo bá ti di ìjókòó mú gbé kẹ̀kẹ́ sókè. Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì tuntun ti bàjẹ́. Mo tú u. Búṣì ni, òrùka kékeré tí bóòtù ń gbà kọjá. Ti àtijọ́ ni wọ́n lò padà, ó sì ti gbó. Mo pààrọ̀ ẹ̀, ariwo dákẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú ọrùn-ọwọ́ tó ṣì ń dùn mí nígbà yẹn.

Mo kírun Iléyá ní Cardiff. Ní ọjọ́ kejì, mo gun òkè. Òjò ń rọ̀. Ọkùnrin tó dúró níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ wo ojú mi, ó ní, "Ilẹ̀ ń yọ̀ o. Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Ó dá mi lójú." Kò dá mi lójú. Mo lọ.

Bàbá mi, ó di ilẹ̀ mú. Gbòǹgbò tó ń ta mí tẹ́lẹ̀, mo gba orí ẹ̀ kọjá, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Mo yọ̀ ní kọ́nà kan, mo fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mo bú ara mi, mo tún lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ṣubú lóṣù Kẹta, mo rò ó bóyá kí n yà fún un, ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò yà. Mo fò. Ṣọ́ọ̀kì wọlẹ̀, ó gbà á, ó gbé mi padà sókè jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo kígbe Alhamudulilahi. Gbogbo èèyàn yíjú wò mí. Mo tún kígbe ẹ̀.

Mi ò gba ipò kìíní. Àárín ni mo wà, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì pọ̀ díẹ̀ ju àwọn tó wà níwájú mi lọ.

Mo ti pe Níyìọlá kí Iléyá tó dé, mo sọ rárá fún un, kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní òun ti fura. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò fẹ́ ẹ.

Tí ẹ bá fẹ́, ẹ má dá mi lóhùn. Màá ṣì máa kọ̀wé. Ọmọ yín ni mí, ẹ lè bínú títí, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mi.

Raodah


Amúwo-Ọ̀dọ̀fin
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Raodah Àjọkẹ́,

Mo dúpẹ́ pé o wà láyé. Ìyá rẹ ní kí n fi ìyẹn ṣáájú.

Ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn Alhaji Abdulmumin dé. Mi ò lè dá wọn dúró, ẹni tó ti fi ọjọ́ sí nǹkan ò lè ti ilẹ̀kùn. A jókòó ní pálọ̀, wọ́n gbé ẹran wá. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi ò wá." Alhaji ní àwọn ti gbọ́. Ó yọ fóònù jáde, ó gbé fídíò rẹ, tó ti tàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, síwájú gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Alhaji Bádrù, a lè gbójú fo eléyìí, tó bá ti lè jáwọ́ nínú ẹ̀, kó sì wá tọrọ àforíjì."

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo fóònù yẹn, mo rí bí ọkùnrin yẹn ṣe fi ìka gún ojú ọmọ mi, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Àforíjì kí ni? Ṣé ó jalè ni? Kẹ̀kẹ́ ló gùn."

Ó ní, "Ṣé ẹ fọwọ́ sí i ni?"

Mo ní, "Mi ò fọwọ́ sí i. Èmi ni bàbá ẹ̀, èmi ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti má fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ fẹ́ gbójú fò níbẹ̀?"

Wọ́n dìde. Ìyá rẹ di ẹran fún wọn mú lọ, wọ́n sì gbà á. Láti ìgbà náà, Alhaji ń kírun lápá òsì mọ́sálásí, èmi ń kírun lápá ọ̀tún. Kò burú bẹ́ẹ̀.

Ìwé rẹ ò tíì dé nígbà yẹn o. Mi ò mọ̀ bóyá o gun kẹ̀kẹ́ yẹn tàbí o ti já bọ́. Mo kàn sọ ohun tí mo sọ.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì: onísípíríǹgì ni mo ní kí o mú, o mú un, ó sì gbè ọ́. Ìyẹn ò sí nínú ìwé rẹ. Ní ti líle àti rírọ̀, mo ṣì ní ohun tí màá sọ, mi ò sì ní sọ ọ́ nínú ìwé. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tẹ ṣọ́ọ̀kì yẹn wò, kí èmi àti obìnrin tó tà á fún ọ jọ sọ̀rọ̀. Mo sì fẹ́ dúró nísàlẹ̀ òkè yẹn kí n rí i bóyá bí o ṣe ròyìn ẹ̀ ló rí. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tún sá eré ìje níbẹ̀.

Lánàá, èmi àti ìyá rẹ lọ ya fọ́tò páálí ìrìnnà ní Festac. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí n má rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Bàbá rẹ,
Bádrù